Ìwé Ìtàn Ìgbésí Ayé Ara Ẹni: Bí A Ṣe Ń Wọn Ẹ̀rí Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ìwé tí ènìyàn kọ nípa ohun tí ojú ara rẹ̀ rí láyé jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Òun ló yan ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, òun ló mọ ẹni tí òun yóò dárúkọ àti ẹni tí òun yóò fò dá, òun náà ló sì pinnu ibi tí ìtàn parí sí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ òsì júwe ayé tí òun fúnra rẹ̀ gbé. Èyí kò sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ di irọ́. Kò kàn yẹ kí a gbà á lódidi, kò sì yẹ kí a kọ̀ ọ́ lódidi. Ìwé kan náà lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé lójú ewé kẹwàá, kí ó sì jẹ́ àbùmọ́ lójú ewé kọkànlá, kí òǹkọ̀wé má tilẹ̀ mọ ìgbà tí òun kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó. Bí bàbá tàbí ìyá kan bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 70 tàbí 80 ọdún, àwọn ọmọ a máa kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, wọn a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, wọn a sì pín in fún àlejò pọ̀ mọ́ ike àti aṣọ ìnura. Bí ẹni náà bá ti papò dà, ìtàn ayé rẹ̀ a wà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Àwọn mìíràn kò tẹ ohunkóhun; ohùn àgbà ni wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn ogún ọdún, ìwé pẹlẹbẹ yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù nípa àdúgbò tí katakata ti wó. Nítorí náà, wíwọn irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì nìkan. Ọmọ tó jogún ìwé bàbá rẹ̀ nílò rẹ̀ bákan náà.

Ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè ni èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fò: ṣé ẹni tó ń sọ pé "èmi" nínú ìwé náà tilẹ̀ wà láyé rí? Ní ọdún 1929, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní ọkùnrin lòun fi ayé òun ṣe nígbà tí ẹwà òun ń tàn, pé àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀ báyìí, pé òun sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin fi òun kọ́gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni lẹ́tà náà ń jáde títí wọ ọdún 1930. Ó dárúkọ àwọn àdúgbò Èkó, ó fi orin ìgboro sí i, ó sì ń bo orúkọ àwọn kan bí ẹni tí kò fẹ́ tú àṣírí ọlọ́mọ. Àwọn òǹkàwé wà tí wọ́n gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Bẹ́ẹ̀, Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lónìí, àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ń kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, Karin Barber sì tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012.

Ohun tí ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá fi yé wa ni pé orúkọ òpópónà, orin ìgbà náà àti irú aṣọ tí wọ́n wọ̀ kò tó láti fi gba ìtàn gbọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ lè kó gbogbo wọn jọ láti inú ìlú tó ń gbé. Síbẹ̀, òpìtàn kò ní da ìwé Thomas nù. Kò lè lò ó fún ìgbésí ayé obìnrin kankan, ṣùgbọ́n ó lè lò ó láti mọ bí àwọn ará Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, àti irú ìtàn tí wọ́n múra tán láti gbàgbọ́ ní 1929. Ìwé tó kùnà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun kan ṣì lè dúró dáadáa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun mìíràn.

Ìwé kan wà tó yàtọ̀ sí ti Sẹ̀gilọlá pátápátá, ó sì yẹ kí àwọn ará Òṣòdì mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Òṣòdì ni ibùdó tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀ wà. Títí di òní, ibẹ̀ ni àwọn sójà tí ìfẹ̀yìntì wọn kù sí dẹ̀dẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó padà sílé. Ọ̀kan lára àwọn tó ja ogun yẹn ni Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú Ìpín Ológun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Burma ni wọ́n kó wọn lọ láti bá Japan jà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ etí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọta sì tún bà á níkùn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan tó ń jẹ́ David Kargbo ló kù sínú igbó níbẹ̀, ẹsẹ̀ kò ṣe é gbé nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní bòókẹ́lẹ́. Níkẹyìn ó gbà wọ́n sínú ilé ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ni fún un àti fún ìdílé rẹ̀ bí àwọn ará Japan bá gbọ́. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó kàn wọ́n lára ní oṣù Kejìlá 1944.

Ìtàn tí Fádóyèbọ̀ kọ nìyẹn nínú ìwé tó pè ní A Stroke of Unbelievable Luck, èyí tí Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1999, ọdún 55 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ẹni tí kò bá rọrùn láti yí lọ́kàn padà lè béèrè pé: ta ni yóò fi ẹ̀mí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wewu fún oṣù mẹ́sàn-án nítorí àjèjì méjì tí kò gbọ́ èdè wọn? Akọ̀ròyìn Barnaby Phillips kò fi ìbéèrè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ogun náà rí ní London. Lẹ́yìn náà ó gba Burma lọ, sí agbègbè Arakan, pẹ̀lú lẹ́tà ọpẹ́ tí Fádóyèbọ̀ kọ. Ó bá àwọn ọmọ Shuyiman. Bàbá ti kú, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn sójà aláwọ̀ dúdú méjì tí bàbá wọn gbé pamọ́ nígbà ogun ṣì wà lẹ́nu wọn. Fíìmù ìrìn àjò yẹn jáde lórí Al Jazeera ní 2011, ìwé Phillips, Another Man's War, sì jáde ní 2014. Fádóyèbọ̀ fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Kọkànlá 2012, lẹ́yìn tó ti gbọ́ pé wọ́n rí àwọn ọmọ ẹni tó gbà á là.

Kò sí ẹ̀rí tó lágbára tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé ìrántí. Ìdílé kan ní Nàìjíríà àti ìdílé kan ní Burma, tí wọn kò rí ara wọn fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, tí wọn kò ka ìwé kan náà, ń sọ ìtàn kan náà. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè gbìmọ̀. Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí a kíyè sí: orí ire ni Fádóyèbọ̀ fi sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ, kò fi ìgboyà sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ gbé ara rẹ̀ ga kì í gbé iyì tó tóbi jù nínú ìtàn rẹ̀ fún àgbẹ̀ kan tí aráyé kò mọ̀.

Síbẹ̀, agbára ẹ̀rí yìí ní ààlà. Fádóyèbọ̀ mọ ebi tó pa á, ó mọ ilẹ̀ tó sùn sí, ó mọ ìrísí ẹni tó bu omi fún un. Ohun tí ó mú kí àwọn ọ̀gágun rán ẹ̀ka rẹ̀ gba etí odò yẹn kọjá kò sí nínú ohun tí ọ̀dọ́ sójà lè rí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń ṣàlàyé ètò àwọn ọ̀gágun, láti ẹnu ẹlòmíràn tàbí láti inú ìwé tó kà lẹ́yìn ogun ló ti gbọ́ ọ. Nínú ìwé ìrántí gbogbo, ohun tí ojú òǹkọ̀wé rí àti ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ sábà máa ń wọnú ara wọn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Iṣẹ́ òǹkàwé ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ó máa béèrè lójú ewé kọ̀ọ̀kan pé: ibo ló dúró sí nígbà tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti ọdún rọrùn díẹ̀ láti yẹ̀ wò, pàápàá ní Èkó, níbi tí ohun púpọ̀ ti ní ọjọ́ tí kò ṣeé jiyàn lé. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Láàárín 1975 sí 1978 ni wọ́n ṣe títì márosẹ̀ Apápá sí Òṣòdì. Oṣù Kìn-ín-ní 2009 ni ìjọba Babátúndé Fáṣọlá kó àwọn ọjà tó ti gba ojú títì ní Òṣòdì kúrò. Oṣù Kìn-ín-ní 2016 ni ìjọba Akínwùnmí Ambode wó ọjà Owónifáàrí, oṣù Kẹrin 2019 sì ni Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun ra rédíò ní Owónifáàrí ní 2018 ti ṣi ọdún, tàbí kó ṣi ọjà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tó ń yẹ ìwé wò ti ń ṣe àṣejù nìyí. Bí ìyá kan bá kọ ọ́ pé náírà kan lòun san fún ọkọ̀ láti Ìsọlọ̀ sí Òṣòdì ní 1968, kò sí náírà nígbà náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó yí ṣílè padà sí owó tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ̀ ni. Ìrìn àjò náà lè jẹ́ òótọ́ bí owó rẹ̀ kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Àṣà Yorùbá náà tún ń ran òǹkàwé lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà kì í fi nọ́ńbà di ọdún mú, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń dì í mú: ọdún tí ogun Bíáfírà bẹ̀rẹ̀, ọdún tí wọ́n pa Múrítàlá, ọdún FESTAC. Bí ìwé kan bá sọ pé ọmọ àkọ́bí dé ní 1974, ní ọdún FESTAC, ọdún FESTAC ni kí òǹkàwé gbé lé, kí ó sì tún nọ́ńbà ṣe sí 1977. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tó ń tẹ ìwé ló fi nọ́ńbà sí i, àmọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ló wà lọ́kàn ìyá.

Àkókò tó wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ àti ìgbà tí a kọ ọ́ tún ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí a kọ ọ́ sí. Lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ láti Fourah Bay ní Sierra Leone ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 1837 jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀rí tó ṣọ̀wọ́n jù lọ nípa bí ogun ṣe kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú. Wọ́n kó Àjàyí ní Òṣogùn nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin, wọ́n mú un lọ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gba ọkọ̀ náà ní oṣù Kẹrin 1822. Nígbà tó jókòó kọ lẹ́tà yìí, bí ọdún 16 ti kọjá lórí ìkólẹ́rú rẹ̀. Ó ti di onígbàgbọ́, ó ti kàwé ní Freetown àti ní London, ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS tó tọ́ ọ ni ó sì ń kọ ọ́ sí. Èyí hàn nínú rẹ̀. Ó ń rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú ọjọ́ tí wọ́n kó o lẹ́rú, ohun tí kò lè sí lọ́kàn ọmọdé tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Èrò ọkùnrin 1837 nìyẹn. Kì í ṣe ti ọmọ 1821.

Ṣùgbọ́n bí òpìtàn bá bọ́ aṣọ ìwàásù yẹn kúrò, ohun tó kù lágbára gan-an. Crowther fúnra rẹ̀ fi hàn pé òun kò dá ọdún náà lójú pátápátá, ó ní bíi ìbẹ̀rẹ̀ 1821 ni. Òǹkọ̀wé tó ń sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ yẹ fún ìgbàgbọ́ níbi tó ti sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Ọjọ́ tí wọ́n gba ọkọ̀ náà wà nínú ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó pàdé ìyá rẹ̀ tí ó sọ pé ogun yà wọ́n nípa, ìyẹn nìkan sì tó láti fi hàn pé ìdílé tó kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe àfinúrò. J.F. Adé Àjàyí ló wá ṣe àlàyé lórí lẹ́tà yìí nínú ìwé tí Philip Curtin kó jọ ní 1967, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní ìlà ní ìlà yóò rí àpẹẹrẹ tó dára níbẹ̀.

Ìrántí ọmọdé ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981, ìjà àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lórí owó orí, lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, wà níwájú ojú ọmọdé tó ń sáré jíṣẹ́ láàárín wọn. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá 1947 ni àwọn obìnrin jókòó ti ààfin Aláké gan-an. Ní àkókò yẹn Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní 1934, ti wà ní Government College ní Ìbàdàn. Ó lè jẹ́ pé ó wà nílé fún ìsinmi. Ó sì lè jẹ́ pé ìrántí ti fa ìpàdé ọdún mélòó kan mọ́ra, tó sọ wọ́n di ìgbà kan. Ẹni tó ń wá ọjọ́ ìwọ́de yóò lọ sí ilé àkójọpọ̀ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ariwo ọjọ́ náà ṣe dún létí ọmọ tíṣà yóò padà sí Aké, nítorí kò sí fáìlì ìjọba tí ó gba ìyẹn sílẹ̀.

Ibi tó le jù lọ ni ibi tí òǹkọ̀wé ní èrè tàbí àdánù nínú ohun tó ń sọ. Nígbà ogun Bíáfírà, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ipò olórí Ìpín Kẹta ti ọmọ ogun Nàìjíríà lọ́wọ́ Benjamin Adékúnlé ní oṣù Karùn-ún 1969. Ìwé rẹ̀, My Command, jáde ní 1980, kò tíì pẹ́ tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Godwin Alabi-Isama, tó jẹ́ igbákejì Adékúnlé lẹ́nu iṣẹ́ ètò ogun náà, tẹ The Tragedy of Victory jáde ní 2013 láti ta ko púpọ̀ nínú ohun tí Ọbásanjọ́ kọ. Àwòrán fọ́tò àti máàpù ló kó sínú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn méjèèjì wà lójú ogun. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ẹni tó ka ọ̀kan tí kò ka èkejì kò tíì gbọ́ ẹjọ́. Ìwé tó jáde kíákíá kò fi dandan ṣeé gbà ju èyí tó pẹ́ lọ, bí èyí tó pẹ́ bá gbé àwòrán ọjọ́ náà lọ́wọ́. Ìwé kẹta tún wà, ti Alexander Madiebo, olórí ọmọ ogun Bíáfírà, tó jáde ní 1980 bákan náà. Pé Bíáfírà gba Owerri padà ní oṣù Kẹrin 1969 kò sí nínú àríyànjiyàn, nítorí ẹni tó pàdánù rẹ̀ àti ẹni tó gbà á ló jọ jẹ́rìí sí i. Ohun tí àwọn ọ̀tá bá fẹnu kò lé lórí ni kí òpìtàn kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Ìwé Ibrahim Babangida, olórí ìjọba ológun tẹ́lẹ̀ rí, A Journey in Service, tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Abuja ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì 2025, kan àwọn Yorùbá lára ju gbogbo wọn lọ. Babangida kọ ọ́ pé M.K.O. Abíọ́lá ló jáwé olúborí nínú ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí ó ta ko ẹni tó sọ ọ́: ìjọba tirẹ̀ ló wọ́gi lé ìbò náà. Ènìyàn kì í sábà ṣẹ̀dá irọ́ tí yóò dá òun fúnra rẹ̀ lẹ́bi. Nínú ìwé kan náà, ó gba pé òun ni olórí, ẹ̀bi náà sì wà lórí òun, ṣùgbọ́n ó tún kọ ọ́ pé Katsina lòun wà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà tí wọ́n kéde ìwọ́gilé náà láìgba àṣẹ òun, ó sì tọ́ka sí Sani Abacha, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun ìjọba rẹ̀. Èyí fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abacha ti kú láti oṣù Kẹfà 1998, kò lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí Babangida bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 1993, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìkéde náà, sì wà nílẹ̀, ó sì gbèjà ìwọ́gilé náà níbẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà gan-an àti ọ̀rọ̀ ọdún 32 lẹ́yìn rẹ̀ bá ti kọlu ara wọn, ẹni tó ń ṣàwáwí ni yóò ṣe iṣẹ́ àlàyé.

Ìwé ìjọba àti ti ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kì í ṣe onídàájọ́ tí kì í ṣàṣìṣe. Olaudah Equiano, ẹni tó ti ṣe ẹrú rí, kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1789 pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti bí òun. Olùwádìí Vincent Carretta rí i nínú ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì kan ní London ní 1759, àti nínú ìwé orúkọ àwọn atukọ̀ ní 1773, pé Carolina ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti bí i. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ta ló sọ fún akọ̀wé ní 1759? Ṣé ọmọ náà ni, àbí ọ̀gá rẹ̀? Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tí irú ìbéèrè yìí ṣàjèjì sí. Àìmọye ẹni tí a bí kí ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tó tàn kálẹ̀ ló lọ ṣe ìbúra ọjọ́ orí ní kóòtù, ọjọ́ orí ibi iṣẹ́ àwọn kan sì yàtọ̀ sí ti ilé. Bí ìwé ìrántí àti fáìlì ìjọba kò bá bára mu, kí a yẹ àwọn méjèèjì wò, kí a wá ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó fẹ́ gbà nígbà tó ń sọ ọ́.

Ohun tí ìwé kò sọ náà jẹ́ ẹ̀rí. Òṣòdì Tápà, ọmọ Núpé tó di balógun Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, tó bá a lọ sí ìgbèkùn ní Ẹ̀pẹ́ ní 1851, tó sì padà sí Èkó ní 1862, kú ní 1868. Orúkọ rẹ̀ ni ìlú Òṣòdì ń jẹ́ títí di òní. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ wá láti ẹnu ìdílé, láti ọwọ́ àwọn òyìnbó, àti láti inú ẹjọ́ lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ibi tí àwọn tó ti Ẹ̀pẹ́ padà tẹ̀dó sí ní Èkó, ẹjọ́ tó dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní London ní 1930. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ìtàn baba ńlá ni ìwé àṣẹ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ olóyè ń sọ ti olóyè, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ ẹrú tàbí ọmọlẹ́yìn ń sọ ti ọmọlẹ́yìn, olúkúlùkù sì ń fò ohun tí yóò bà á lẹ́jọ́ jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìwé ìrántí tí àwọn ọkùnrin kọ lónìí náà, ìyàwó tí òwò rẹ̀ gbé ilé ró kò ní ju ìlà méjì lọ, àwọn ọmọṣẹ́ kò sì ní orúkọ. Òǹkàwé tó fẹ́ mọ òótọ́ yóò wá àwọn yẹn lọ, bí wọ́n bá ṣì wà.

Ní Máfolúkù, Òkóta, Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, àwọn tó mọ agbègbè náà kí títì márosẹ̀ tó dé ṣì wà lókè eèpẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ bá wọn jókòó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á. Ẹ bi wọ́n léèrè èwo ni ojú wọn rí, èwo ni wọ́n gbọ́. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe kó lè dùn lọ́jọ́ òde, ẹ má sì yọ ìjà inú rẹ̀ kúrò. Bí ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìwé ìrìbọmi, rìsíìtì ilẹ̀ tàbí fọ́tò tí a kọ ọjọ́ sí lẹ́yìn bá wà nínú àpótí, ẹ ya àwòrán wọn, kí ẹ fi wọ́n sínú ìwé náà. Nígbà tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ilé ìkàwé National Library ní Yábàá, kí ẹni tí kò sí nínú ìdílé yín lè rí i kà, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò.